Àpótí Ìbò Abà Jàgùn

Inú ti ń bí Sàdíátù láti inú ọkọ̀ ojú irin. Ìwé tí ẹgbẹ́ ọmọ Ìlódò ní Chicago fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń pín ẹkùn ìdìbò nílé ló ń kà. Gbogbo abà mẹ́tàdínlógún tó wà lódìkejì odò ni wọ́n ti yọ kúrò nínú máàpù. Abà Jàgùn tí wọ́n bí i sí ti di igbó lórí rẹ̀. Bí ìwé yìí bá lọ bẹ́ẹ̀, wọn yóò gbé àpótí ìbò abà lọ sí Ìlódò, ìyá rẹ̀ tí orúnkún ń dà láàmú yóò sì máa wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó lè dìbò.

Ó dé ilé alága wọn, Alàgbà Ọbádáre, ní Flossmoor lẹ́bàá Chicago. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, kò jókòó.

“Daddy, who drew this map? Láti 1959, aṣòfin méje la ti rán lọ, ọmọ Ìlódò ni gbogbo wọn. Ìbò abà ló gbé wọn débẹ̀. Ṣé ìgbà ìbò nìkan lẹ máa ń rí wa ni?”

“Calm down. Ìwé ìkànìyàn la tẹ̀lé. A ò rí ẹnì kan ní Abà Jàgùn.”

“Ẹ ò lè rí i! Nígbà ìkànìyàn, ẹ̀yin ará Ìlódò lẹ rán ọkọ̀ ojú omi wá kó wa pé ká wá ka ara wa nílé, ní Ìlódò. Bàbá mi ti ilẹ̀kùn, gbogbo wa lọ.”

Bí tiwa ṣe rí nìyẹn. Èèyàn á lo ogójì ọdún lábà, bí wọ́n bá fẹ́ kànìyàn, á sáré wọ̀lú kí ìlú má baà kéré lójú ọ̀tá. Ọgbọ́n burúkú gbáà!

“Ta ló tiẹ̀ kù níbẹ̀?” ni alàgbà wí.

Sàdíátù pe ìyá rẹ̀, Kàfáyàtù, lórí fóònù, ó sì jẹ́ kí alàgbà máa gbọ́. “Màámi, ọmọ ibo ni yín?”

“Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ọmọ Ìlódò ni mí. Ta lò ń pè lará oko?”

Alàgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ojú ti Sàdíátù, inú sì tún bí i sí i, àní sí ara rẹ̀ pàápàá, torí Ìlódò lòun náà máa ń fi dá wọn lóhùn bí wọ́n bá bi í ní Edgewater tó ń gbé.

“Màámi, wọ́n fẹ́ gbé àpótí ìbò kúrò lábà. Alàgbà Ọbádáre ní kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀.”

“Ọbádáre wo? Èyí tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ síbí? Bá mi bi í, ta ló rò pé ó ń ro koríko ibojì náà?”

Ẹ̀rín kú lójú alàgbà. Ó fa máàpù mọ́ra, ó sì ń wá bírò.