Lẹ́tà Ojú Pátákó

Ẹ má sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù. Orí mi ṣì gbóná.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Òun ló kọ lẹ́tà sí mi láti ilé-ìwé tó ń gbé, tó ní kí n bá òun kí àbúrò òun ọkùnrin. Àbúrò wo? Ọkọ mi ka lẹ́tà náà, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìyá ọmọ, ṣé ẹ bímọ tí mi ò mọ̀ ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo wọkọ̀.

Kíláàsì ni mo ti bá mátírọ́ọ̀nù wọn. Kò tilẹ̀ tì í lójú. Ó ní òun ló máa ń kọ lẹ́tà sójú pátákó lọ́jọ́ Sátidé, káwọn ọmọ dà á kọ, kí ẹ̀yin òbí má baà máa dààmú. Ìkíni ìsàlẹ̀ nìkan ni kálukú ń fi kún un fúnra rẹ̀.

"Tiyín ò lè da ojú pátákó kọ. Tẹni tó jókòó tì í ló ń jí wò, títí kan ìkíni. Ọ̀lẹ! Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń fi í sórí ìkúnlẹ̀."

Mo ní kí wọ́n pè é wá. Ó wọlé, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti bó. Ó kí mátírọ́ọ̀nù. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," bí ẹni ń kí àlejò.

Yéè! Èmi ìyá tó bí i!

"Tíńtín," ni mo pè é. Ìgbà tó gbọ́ ohùn mi ló tó sáré dì mọ́ mi.

"Ó ń díbọ́n ni," mátírọ́ọ̀nù ní. "Ó ń ríran dáadáa."

Mo wo pátákó, mo yí ọmọ mi síbẹ̀. "Ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi."

Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Màmá mi ọ̀wọ́n, ara mi yá. Oúnjẹ wa dára. Àárò ilé kò sọ mí." Ó kà á geere, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan.

Wọ́n ti nu pátákó náà kí n tó dé. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Orí mátírọ́ọ̀nù ló bá a ṣe é tí mi ò fi gbá a létí. Mo gbé àpótí ọmọ mi, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jáde.

A ti dé ẹnu géètì kó tó fà mí láṣọ.

"Màmá, ṣé mo kà á dáadáa?"