Àwọn Ibi Ọmọ Tó Wà Nínú Àgbàlá

Wọ́n ní obìnrin tí kò ní orogún kò tíì mọ àrùn owú. Ràṣídátù mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti ń bá a jí. Òun ni ìyálé nínú agboolé wọn ní Cow Lane, nílùú Accra, kò sì sọ́mọ lọ́wọ́ rẹ̀. Muslimat, ìyàwó, bí mẹ́rin, inú ilé yẹn náà ló sì ti bí gbogbo wọn.

Láàárọ̀ Sátidé náà, owú yẹn tún fẹ́ pa á. Hafeezah, ọmọ Aláta, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Gánà, tí wọ́n bí sí Accra, tó ń bá àwọn tó ń ṣètò àdúgbò ṣiṣẹ́, tẹ́ máàpù ńlá kan sórí ẹní láàárín àgbàlá. Gọ́tà tuntun ń bọ̀, ó sì lè gba inú ilé wọn kọjá. Ohunkóhun tí àwọn onílé bá ní àwọn ò fẹ́ kó bàjẹ́, Hafeezah yóò lẹ àmì pupa mọ́ ojú ibẹ̀ lórí máàpù, kí gọ́tà lè yà fún un.

"Ibi àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú ilẹ̀ yìí," ni Muslimat wí.

Ni Hafeezah bá sún mọ́ ọn. Ó ń yà á ní fọ́tò, ó ń fi Yorùbá tó lú mọ́ Twi pè é ní Màámì ṣáá. Muslimat tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ràṣídátù ń bi ara rẹ̀ léèrè. Ta ló se omi gbígbóná? Ta ló fọ aṣọ ẹ̀jẹ̀? Wàákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà tí Muslimat ń jẹ lórí ibùsùn, ta ló lọ tò fún un? Ẹni tó bímọ layé ń rí, wọn kì í rí ẹni tó gbẹ́lẹ̀.

"Màámì, ibo gan-an ni kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́?"

Muslimat wo ìhín, ó wo ọ̀hún. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kì í dìde lọ sin ibi. "Ìyálé mi ló sin wọ́n," ó rọra wí.

Gbogbo ojú bá yí sí Ràṣídátù. Ó dùn mọ́ ọn, kí n má purọ́. Bó bá nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná báyìí, gọ́tà á gba orí àwọn ibi náà kọjá, Muslimat ò sì ní mọ̀ láéláé. Ó jẹ́ kí wọ́n dúró dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wọ bàtà, ó lọ sábẹ́ fèrèsé yàrá òun fúnra rẹ̀, ó sì ń fi ìka tọ́ka sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

"Abẹ́ fèrèsé tiyín?" Ojú Muslimat pọ́n. "Ẹ kó gbogbo ọmọ mi sọ́dọ̀ ara yín. Abájọ tí Suhaib àbíkẹ́yìn mi fi máa ń sùn lọ́dọ̀ yín ju ọ̀dọ̀ mi lọ."

Hafeezah tún àwọn ojú ibi tó tọ́ka sí kà. "Màámì àgbà, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n sọ. Márùn-ún lẹ tọ́ka sí."

"Ti àkọ́kọ́ yẹn, tèmi ni," ni Ràṣídátù wí. "Muslimat ò tíì wọlé wá nígbà yẹn. Ọmọ náà ò dúró gba orúkọ. Mo sin tàwọn yòókù tì í, kó má baà dá wà."

Hafeezah lẹ àmì márùn-ún, ó mú bírò, ó béèrè orúkọ tí òun máa kọ sí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́.

"Kọ tèmi," ni Ràṣídátù wí. "Fi ti Muslimat sí mẹ́rin yòókù. Ṣùgbọ́n èyí, má jẹ́ kí Muslimat fọwọ́ kàn án."