Aṣọ Ẹṣin Tí Mo Bà Lórúkọ Jẹ́

Ẹṣin kan ṣoṣo la ní, Garlawach lorúkọ rẹ̀. Òun ni Chary ọkọ mi fẹ́ fi sáré ní pápá eré ẹṣin Gonbad tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òtútù ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, aṣọ ẹṣin wa sì ti gbó kọjá rírán. Aṣọ méjì là ń wá: èyí tó nípọn tí yóò máa fi sùn, àti fẹ́lẹ́ kan tí a óò dà bò ó tó bá sáré tán, kí òógùn rẹ̀ lè rọra gbẹ, kí atẹ́gùn má baà wọ̀ ọ́ láyà. Ẹsẹ̀ ń dun Chary, èmi ló rán lọ sọ́jà Ọjọ́bọ̀.

Ó ní, "Aysoltan, má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ o."

Mo ní, "Èmi kẹ̀? Àwọn ni kó o bá sọ̀rọ̀."

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ ẹṣin òkè òkun ni mo kọ́kọ́ yà. Mo béèrè iye ọ̀kan, mo sì rọra dá a padà sórí pẹpẹ bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn olówó pọ́ọ́kú ibẹ̀, ọ̀rá lásán ni. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ọ̀kan, kò pẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ mi fi ń làágùn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta ni bàbá arúgbó kan tẹ́ aṣọ méjì sí. Èyí tó nípọn, irun àgùntàn tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ pọ̀ ni. Fẹ́lẹ́ náà, irun ràkúnmí. Mo gbé e símú, kò rùn ju koríko gbígbẹ àti ẹṣin tó mọ́ lọ. Bàbá dárúkọ owó. Kò wọ́n. Mo mọ̀ pé kò wọ́n.

"Bàbá, ṣé ẹṣin wà nínú ẹ̀ ni, tẹ́ ẹ fi ń pe iye yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, tí ẹṣin bá wà nínú ẹ̀, ṣé wàá lè gbé e?"

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin méjì dúró, tí wọ́n ń fọwọ́ pa aṣọ náà wò. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n máa gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbé ohùn sókè: "Háà! Òórùn ẹṣin aláìsàn ló wà lára èyí o! Ikọ́ ló pa ẹṣin tó wọ̀ ọ́!"

Wọ́n fa ọwọ́ wọn padà bí ẹni fọwọ́ kan iná, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Bàbá wò mí. "Ọmọ mi, ẹṣin mi ò ṣàìsàn rí. Orúnkún mi ni ò gbé iṣẹ́ mọ́. Mo ti ta ìyá ẹṣin, ó ku ọmọ rẹ̀."

Mo yọ owó. Ìdajì owó tó pè ló gbà lọ́wọ́ mi.

Nílé, ìyá ọkọ mi na aṣọ náà, ó ń yìn mí. Mo ròyìn bí mo ṣe nájà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, àfi gbólóhùn ikọ́ yẹn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Chary ti ilé tíì dé. Ó ní, "Ṣé o mọ Bàbá Nurgeldi? Wọ́n ní ikọ́ wà nílé ẹṣin ẹ̀. Obìnrin kan ló gbóòórùn ẹ̀ lọ́jà. Abo ẹṣin ọlọ́dún méjì tó ń tà, kò sẹ́ni tó fẹ́ wò ó."

Mo mọ̀ pé bàbá tó ta aṣọ fún mi ni. Ọjọ́ méjì ni mi ò lè sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta, mo jẹ́wọ́.

Chary ní, "Ìwọ ni obìnrin yẹn?"

Ìyá rẹ̀ ní, "Ọjà lo ti da ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, ọjà ni wàá ti lọ ṣà á."

Ní Ọjọ́bọ̀, mo da aṣọ méjèèjì bo Garlawach, mo fà á lọ síbi ògiri yẹn, Chary sì tẹ̀lé mi. Mo pariwo pé irọ́ ni mo pa nítorí pé mo fẹ́ ra ọjà ní pọ́ọ́kú.

Ẹnì kan ní, "Ìyàwó Chary, èló ni Bàbá fún ẹ?"

Ẹlòmíràn ní, "O parọ́ lọ́jọ́sí. Ta ló mọ̀ bóyá irọ́ tòní ló tún kàn?"

Chary ló tiro bọ́ síwájú. "Ẹṣin kan ṣoṣo tí mo ní nìyí. Ṣé ikọ́ ni mo máa dà bò ó?"

Àwọn kan mi orí pé òótọ́ ni. Àwọn mìíràn pòṣé, wọ́n kọjá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ sílé Bàbá Nurgeldi pẹ̀lú owó tí mo fi irọ́ dù ú. Kò gbà á. Ó ní a ti nájà tán. Ó ti ta ọmọ ẹṣin náà láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣáájú, fún ará Kalaleh kan tó gbọ́ àhesọ náà, tó sì fi ná an wálẹ̀. Ó bu tíì fún mi, ó béèrè bóyá aṣọ náà bá ẹṣin wa mu.

Mo ní ó bá a mu dáadáa.

"Ó dáa," ló wí, ó sì ti ìgò ṣúgà sún mọ́ mi.

Títí dòní, tó bá rí mi lọ́jà, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi.