Eré Ni Kóòṣì Kọ

Bí ẹ bá fẹ́ bá mi jà, ẹ sọ fún mi pé kí n rọra. Aránṣọ ni mí. Tí mo bá ti jókòó ti máṣíìnì, kí iṣẹ́ ṣáà parí ni mo máa ń fẹ́, bí mo sì ṣe ń sáré náà nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, mo wọ eré kìlómítà mọ́kànlélógún. Ní kìlómítà kejìlá, ojúgun dá mi jókòó, wọ́n fi mọ́tò gbé mi lọ sílé. Kò sẹ́ni tó rántí bàbá mi tó gbé súwẹ́tà mi dání níbi ìparí. Wákàtí mẹ́ta ló fi dúró. Nígbà tó délé, kò tiẹ̀ bínú.

“Mo rò pé o ṣì ń bọ̀ ni,” ó wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ. Mo pinnu pé lọ́dún yìí, bàbá mi ò ní dúró lásán mọ́.

Mo lọ bá Kóòṣì, àgbàlagbà tó ń kọ́ àwa asáré ní pápá. Ó kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ fún mi sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: “Eré líle.” Ọjọ́rú: “Eré, ogójì ìṣẹ́jú.” Mo rò pé ọwọ́ ló ń ro ó tí kò fi kọ “líle” sí èkejì. Gbogbo Ọjọ́rú ni mo ń sá a bí ẹni tí ajá ń lé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojúgun tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí.

Kóòṣì rí i pé mò ń tiro. “Kí lò ń ṣe ní Ọjọ́rú?”

“Eré tí ẹ kọ náà ni mò ń sá, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. “Eré bí ọmọdé ṣe ń ṣeré ni mo kọ! Ta ló ń bá ọ díje?”

Inú bí mi. “Tó bá jẹ́ pé ìsinmi ni, ṣé kí n kúkú sùn ni?”

“Tí ẹsẹ̀ bá ń dùn ọ́, sùn. Tó bá kàn wúwo ni, jáde, kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn níbẹ̀. Àmọ́ tí o ò bá lè máa sọ ìtàn láìmí gúlegúle, o ti sá a jù. Tí òwú bá le jù lójú máṣíìnì ńkọ́?”

“Ó máa ń já.”

“Ẹn-ẹ́n.”

Mo sinmi ọjọ́ mẹ́wàá títí ìrora fi lọ. Ó wá ku ẹni tí a ó jọ máa sọ ìtàn. Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kò ṣe bàbá mi tó máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ ra búrẹ́dì láràárọ̀? Ó ń rìn, èmi ń sáré kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú tì mí kọjá bẹ́ẹ̀.

“Aránṣọ,” oníbúrẹ́dì pariwo, “ṣé ẹ̀ ń sáré ni àbí òtútù ló mú yín?”

Mo fẹ́ já lọ, bàbá mi di apá aṣọ mi mú. “Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù…”

“Bàbá, ó tó!” Mo mọ ibi tí òwe yẹn ń lọ. A rẹ́rìn-ín títí a fi dúró.

Láti ọjọ́ yẹn, ní gbogbo Ọjọ́rú, ó ń sọ bí òun ṣe pàdé ìyá mi fún mi. Nígbà yẹn, rédíò ló ń tún ṣe. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, gbé rédíò tí kò bàjẹ́ rárá wá fún un. Ogójì ìṣẹ́jú kì í tó ìtàn yẹn. Ọmọ ogójì ọdún ni mí, mi ò gbọ́ ọ rí. Inú mi ń dùn ṣáá.

Lọ́jọ́ ìje, kìlómítà kejìlá kọjá, ojúgun ò sọ̀rọ̀. Ní ìkẹtàdínlógún, mo wá sá eré líle. Nígbà tí mo yọ síbi ìparí, bàbá mi ò tilẹ̀ dìde dúró. Orí bẹ́ǹṣì ló wà, ó ń ṣí ìgò omi. Ó fò dìde, súwẹ́tà bọ́ sílẹ̀.

“O ti dé? Mi ò tíì retí ẹ!”

Mo sunkún níbẹ̀, ojú ò tì mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn mi. “Ẹsẹ̀ ńkọ́?”

“Ó wúwo, Bàbá, àmọ́ kò dùn mí.”

“Ó yá, jẹ́ ká lọ. Ìyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé rédíò kejì dé ni.”