Ọdún Tí Àwọn Ọkùnrin Kò Lọ

"Ọdún tí àwọn ọkùnrin kò lọ, àwọn wo ló lọ?"

Àbúrò ìyá mi ló béèrè. Ìwé tí mo tẹ̀ wá láti ibi iṣẹ́ wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, ṣíbí wà ní ọwọ́ kejì. Ìyá mi ń bu omi. Bàbá mi tẹjú mọ́ abọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ìdáhùn wà nísàlẹ̀ ọbẹ̀. Èmi náà ń jẹ oúnjẹ mi lọ, mo rò pé ó fẹ́ dá àpárá ni.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun yìí ni mò ń bá wí o."

Ó gbé ìwé náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ó fi ṣíbí tẹ ìlà kan mọ́lẹ̀, ọbẹ̀ sì kán sí i. Ìlà náà ni: Ní ọdún yìí, orílẹ̀-èdè wa kò kópa.

Èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n fẹ́ ṣí pápá ìṣeré tuntun, Àjọ Bọ́ọ̀lù sì gbà mí síṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ pé kí n ṣàkójọ ìtàn ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ wa: ìdíje tí wọ́n lọ, góòlù tí wọ́n jẹ, góòlù tí wọ́n jẹ wọ́n. Wọn yóò kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà pápá náà, kí ẹni tó bá ń wọlé lè rí i. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì. Ohun tó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí mo lè tò padà ni mo fẹ́ràn. Bí ìwé ìròyìn bá tẹ̀ mí lọ́wọ́, ojú ewé àdììtú ni mo kọ́kọ́ ń ṣí, kódà bí ogun bá wà lójú ewé kìn-ín-ní. Nítorí náà iṣẹ́ yìí wọ̀ mí lára.

Ìtàn náà kò sunwọ̀n tó bí àwọn ọ̀gá ṣe ń pariwo rẹ̀. Ìdíje àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ náà lọ, góòlù mẹ́fà sí òdo ni wọ́n fi kí wọn káàbọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gba ife lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ṣe ipò kẹta lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fìdí rẹmi nídìí pẹnáritì ju bó ṣe yẹ ọmọ èèyàn lọ. Láàárín rẹ̀ ni ọdún kan wà tí wọn kò lọ rárá. Wọ́n ti dirù tán ni àṣírí tú pé àwọn "ọ̀dọ́" náà ti dàgbà. Ìwé ìròyìn kan ní ọ̀kan nínú wọn ti bí ọmọ méjì, èyí ẹ̀gbọ́n sì ti ń lọ sílé ìwé. Àjọ yára fà wọ́n kúrò kí ojú tó tì wọ́n níta. Ọdún yẹn gan-an ni àǹtí mi fi ṣíbí tẹ̀.

Wẹ́dà ni àǹtí mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé epo, géètì àti bẹ́ẹ̀dì ilé ìwé ló ń ṣe. Má-Kọjá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, láti kékeré ni mo sì ti gbà pé nítorí àwọn géètì náà ni. Kò ga, ṣùgbọ́n bó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa wá ọ̀nà mìíràn gbà. Etí òsì rẹ̀ yọ síta bí ọwọ́ kọ́ọ̀bù, orí etí náà sì ká wálẹ̀. Ìyá mi náà ní irú rẹ̀, èmi náà sì jogún rẹ̀. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́, àwọn ẹgbẹ́ mi á ní kí wọ́n dì mí mú.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń jó ìdè ilẹ̀kùn kan mọ́ férémù rẹ̀, iná ń ta pàràpàrà. Mo kọjú sí ògiri títí ó fi parí.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ lọ, àbí?"

Ó gbé awò dúdú náà sí iwájú orí. "Owó yunifásítì ò kúkú ṣòfò."

"Báwo ló ṣe jẹ́?"

"Báwo ló ṣe máa jẹ́? Wọ́n ti rán jẹ́sì, wọ́n ti sanwó bọ́ọ̀sì, àwọn bàbá ọlọ́mọ tí wọ́n fẹ́ kó lọ ti sá. Àwọn tó gbàlejò ìdíje náà sì ní tàwọn ọmọbìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn ọkùnrin. Olùkọ́ eré ìdárayá wa gbọ́. Ó lọ jókòó sí ọ́fíìsì Àjọ. Wọ́n ní kó máa lọ, kò lọ. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní, 'Ó dáa, kó àwọn ọmọ rẹ, aṣọ ṣáà ti wà nílẹ̀.' Bí a ṣe di ikọ̀ orílẹ̀-èdè nìyẹn."

"Ẹ gbá a lóòótọ́?"

"Rárá o, a lọ kà á ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la gbá a! Wọ́n nà wá mẹ́rin sí òdo. Wọ́n tún nà wá mẹ́ta sí òdo. Ẹ̀kẹta, a jẹ ọ̀kan, wọ́n jẹ ọ̀kan."

"Ta ló jẹ tiwa?"

"Bẹ́ẹ̀kì ni mí, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí ní Má-Kọjá. Ṣé o ti rí bẹ́ẹ̀kì tó ń jẹ góòlù?" Ó mú òòlù, ó fi lu ojú ibi tó jó, ó tẹ́tí sí i bó ṣe dún. "Èmi ni mo jẹ ẹ́."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa rí?"

"Mo sọ fún ìyá ẹ, ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí ọkọ gbọ́. Nígbà tí mo fẹ́ ọkọ, mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín bí ìwọ yìí. Ni mo bá gbájú mọ́ irin mi. Irin kì í fèèyàn rẹ́rìn-ín." Ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, dúdú kún dúdú. "Aṣọ́lé ikọ̀ wa kú lọ́dún tó kọjá. Mo lọ síbi ìsìnkú. Wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀: ọmọ rere, nọ́ọ̀sì rere, ìyá rere. Bọ́ọ̀lù ò sí níbẹ̀. Obìnrin tó fi àyà gba bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè, tí eyín ẹ̀ kan sì wà nínú koríko ìlú onílùú títí dòní! Gbọ́ mi dáadáa. Èmi ò ní lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, kí wọ́n kà á sókè pé wọ́n nà mí mẹ́rin sí òdo."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di tèmi nìyẹn.

Ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà Àjọ wà ní òpin kọ́rídọ̀ kan tó tutù. Ìjókòó onígi gígùn wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń dúró dè é, fọ́tò ńlá kan sì wà lókè ìjókòó náà, inú gíláàsì, tí wọ́n kọ ÀWỌN ỌMỌKÙNRIN WA sí nísàlẹ̀. Kò sí ọdún, kò sí orúkọ. Gíláàsì náà ń dán tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń tún táì ṣe. Bí mo bá tún tèmi ṣe tán, màá wo etí mi bóyá ó ti padà sẹ́yìn lóru, màá sì juwọ́ sí aṣọ́lé wọn, nítorí pé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ gùn dé ìgúnpá. Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé afínjú ọmọkùnrin lèyí.

Akọ̀wé Àgbà gbọ́ mi dópin. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ó kàn máa ń fi ìka ti nǹkan padà sọ́dọ̀ ẹni tó gbé e wá. Ó ti ìwé mi padà.

"Ọmọbìnrin? Nígbà yẹn?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ mi, mú fọ́tò wá. Ohun tí kò bá ní fọ́tò kò ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń kọ ògiri yóò parí lọ́jọ́ Ẹtì, a ò sì ní fi ọ̀dà tún un kùn lẹ́yìn tí Mínísítà bá ti wá."

Mo wá fọ́tò. Mo tú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn palẹ̀: àwọn bàbá ọlọ́mọ kún ojú ewé mẹ́ta, àwọn ọmọbìnrin kò ní ìlà kan. Olùkọ́ eré ìdárayá náà ti kú, wọ́n ti ta ilé rẹ̀, ẹni tó rà á ti sun gbogbo ìwé tó bá nínú rẹ̀. Mo kọ̀wé sí Àjọ orílẹ̀-èdè tó gbàlejò, wọn kò fèsì. Àwọn tí àǹtí mi ṣì mọ ibi tí wọ́n wà nínú ikọ̀ náà kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n yà wọ́n, lẹ́bàá bọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó gbéra; òṣìṣẹ́ Àjọ kan ló yà á, iná kámẹ́rà bù yẹ̀rì lójú wọn, ó parí síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí i rí. Ó ń dùn mí bí eyín. Mo mọ̀ pé ẹyọ kan ló kù, ẹyọ náà sì wà níbì kan.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ó kéré tán, àwa mọ̀."

"Ẹ̀yin wo? Ìwọ àti ta ni?"

"Ẹ má bínú. Kò sí ẹ̀rí."

"Èmi kọ́ ni ẹ̀rí?" Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. "Ẹni tó mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi ni kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi mọ ẹjọ́ mi láre. Mi ò ní í kúnlẹ̀ rárá, màá jókòó ni."

Mo rò pé ẹnu lásán ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo gbọ́ ariwo lẹ́nu géètì Àjọ. Àǹtí mi ló dúró níbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí iná ti lu sí ihò wẹ́wẹ́. Ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́ dí i.

"Ìyá, ta lẹ wá rí?"

"Ògiri."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ṣí géètì yìí. Èmi ni mo ṣe é. Nígbà tí mo wá kàn án, ẹ ò jẹ́ kí n wọlé mu omi. Lónìí, bí o ò bá ṣí i, màá tú u gbé padà sílé, ká wá wo ohun tí wàá máa ṣọ́."

Ẹ̀ṣọ́ wo géètì, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí i.

Mo sáré tẹ̀lé e. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ó gba kọ́rídọ̀ náà lọ bí ẹni tó ń lé bọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn Akọ̀wé Àgbà nìkan. Wọ́n ní ọ̀gá wà nínú ìpàdé. Ó yí padà, ó fi ìdí lélẹ̀ sórí ìjókòó onígi náà, ó la ẹsẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," mo ní. "Iṣẹ́ mi."

"Ṣe iṣẹ́ ẹ. Èmi náà ń ṣe tèmi."

Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí. Akọ̀wé Àgbà jáde, àwọn tí wọ́n jọ ṣèpàdé sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yọjú láti yàrá wọn.

"Màdáàmù, kí la lè ṣe fún yín?"

"Ẹ kọ mí."

"Ọmọ yìí yóò ti ṣàlàyé. Kò sí fọ́tò."

"Ojú mi nìyí. Ẹ wò ó."

Ẹnì kan gbé ẹ̀rín mì. Akọ̀wé Àgbà kò bínú. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣojú àánú. "Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ lọ lóòótọ́. Wọ́n nà yín, wọ́n tún nà yín. Kí lẹ fẹ́ fi irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ ṣe lára ògiri?"

"Mẹ́fà sí òdo àwọn ọkùnrin ńkọ́? Mo kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, ọ̀dà ẹ̀ ò tíì gbẹ. Tí wọ́n bá na ọkùnrin, ó di ìtàn. Tí wọ́n bá nà wá, ó di ìtìjú. Mo fẹ́ ìnà mi! Èmi ni mo jẹ ẹ́, ẹ kọ ọ́ fún mi."

"Màdáàmù, ẹnikẹ́ni lè wá jókòó síbí kó ní òun gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè."

"Kó wá jókòó. Ìjókòó náà gùn." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá igi náà. "Ẹ bi í bí wọ́n ṣe fá orí wa kí ẹnikẹ́ni má bàa fa irun wa. Ẹ bi í bí jẹ́sì àwọn géńdé yẹn ṣe bò wá mọ́lẹ̀, tí a ta á ní kókó ní ìbàdí. Ẹ bi í pé ta ni ò rí ìbọ̀wọ́, tó wá wọ èyí tí ìyá ẹ̀ fi ń fọ abọ́ ní ilé ìwòsàn, tó gùn ún dé ìgúnpá—"

Ìgúnpá.

Ọwọ́ mi ti wà lára táì mi, mi ò mọ ìgbà tí mo gbé e síbẹ̀. Mo gbójú sókè sí ibi tí mo ti ń gbójú sókè sí láràárọ̀. Aṣọ́lé náà wà níbẹ̀, ó fi ìbọ̀wọ́ gígùn rẹ̀ gbá àyà mú. Àwọn orí fífá. Kókó aṣọ ní ìbàdí wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín wọn, balógun ikọ̀ kan tí kò ga fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè sí ẹni tó ń ya fọ́tò bí ẹni pé onítọ̀hún jẹ ẹ́ lówó. Etí òsì rẹ̀ yọ síta bí ọwọ́ kọ́ọ̀bù, orí rẹ̀ sì ká wálẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ tààrà ni etí kejì wà, lórí ìjókòó, tó ti fi irun funfun díẹ̀ kún un. Ẹ̀kẹta ń wò mí nínú gíláàsì, tèmi ni.

"Fọ́tò dà, màdáàmù?" Akọ̀wé Àgbà ń wí. "Fọ́tò nìkan ni mo béèrè."

"Ọ̀gá," mo ní, "ẹ wo òkè orí àǹtí mi."

Ó wò ó. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wò ó. Akọ̀wé obìnrin tó wà nítòsí gbá ẹnu mú. Gbogbo kọ́rídọ̀ gbójú sókè, àfi àǹtí mi. Kò tíì mọ ohun tí a rí, kò sì yíjú wò ó. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó tẹjú mọ́ Akọ̀wé Àgbà, ó ń dúró dè é bíi bẹ́ẹ̀kì, kó máa bọ̀.