Àádọ́ta Pọ́n-ùn Lórí Etí Kan

“Ta ló ti rí ọkùnrin kan tí etí òsì rẹ̀ gé sí ìdajì?”

Olópàá tó béèrè dúró lórí àpótí láàárín ọjà Ọ̀tà. Ó wá sọ iye tí ìjọba yóò san: àádọ́ta pọ́n-ùn. Ariwo ta. Múdàṣírù, tó ni etí náà, wà láàárín èrò. Ó fa abetí ajá rẹ̀ wálẹ̀ bo etí méjèèjì, ó sì bá wọn pariwo.

Wọ́n ní òun ló dáná sun ilé ẹni tó ń gba owó orí ní Ìgbẹ́sà. Òun kọ́. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, wọ́n sì rí etí rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ iná.

Ilé Kùdírátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló sá sí.

“Àádọ́ta pọ́n-ùn!” Kùdírátù bú sẹ́rìn-ín. “Múdà, ìwọ tẹ́nì kan ò lè fi ewúrẹ́ pààrọ̀ ẹ! Bí mo bá tà ẹ́ lónìí, ilé onípáánù ni màá kọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra sọ̀rọ̀.”

“Àwàdà ni mò ń ṣe, jàre. Jókòó, kí o jẹun. Jẹ́ n lọ tọrọ iyọ̀ wá.”

Ó jókòó, kò jẹun. Òrùlé ewé ló wà lórí ilé náà, ó sì ń jò. Kí ló dé tó fi dárúkọ páánù? Iyọ̀ wo ló fẹ́ tọrọ? Bí Kùdírátù ṣe jáde síwájú ni òun gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ìgboro tún burú jù. Ọkùnrin tó kí i, kí ló ń wò? Obìnrin tí kò kí i ńkọ́? Òógùn bò ó lójú, kò sì lè ká fìlà sókè kó nù ún. Ibì kan ṣoṣo tó rò pé èèyàn kì í ti í wo ojú ara wọn ni mọ́ṣáláṣí, ládàánì sì ti ń pe ìrun àlàásàrì.

Ó lóṣòó ti àwọn tó ń ṣe àlùwàlá. Àyà rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. Ọwọ́, ẹnu, imú, ojú, apá. Láti kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe; kò ní láti ronú sí i. Kò sì ronú nígbà tí ọwọ́ náà ṣí fìlà lé orúnkún, tó fi omi pa orí, tí ìka sì lọ sí etí méjèèjì.

Ti ọ̀tún bá etí. Ti òsì bá àpá.

Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti bu omi sọ́wọ́. Kò gbé e dé ojú. Omi náà ń kán láàárín ìka rẹ̀, etí òsì Múdàṣírù ló ń wò.