Afẹ́fẹ́ Nínú Páìpù Ìyáálé

Láti ọjọ́ tí Àlàájì, ọkọ wa, ti gbé tánkì tuntun sórí ilé wa ní Baruwa ni omi kò ti dé ilé ìdáná mi mọ́. Nísàlẹ̀, ti Qonitah, ìyàwó tí ó fẹ́ lé mi lọ́dún 2009, ń tú yàà. Èmi tí mo wà lókè, tí mo sún mọ́ tánkì jù ú lọ, ẹnu ẹ̀rọ mi kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ ni.

Àlàájì ló dúró ti ẹni tó so páìpù; ta ni kò mọ ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí? Ní gbogbo òwúrọ̀ tí mo bá gbé garawa lọ sí ẹnu ọ̀nà Qonitah, a sáré jáde pàdé mi.

"Ìyáálé mi, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e."

"Mo ti ń gbé omi kí wọ́n tó bí ọ."

"Ẹ̀yin náà ṣá! Ẹ ò kúkú tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀."

Mo pinnu pé bí Babárìndé, ẹ̀gbọ́n Àlàájì, bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé lọ́jọ́ Àìkú, iwájú rẹ̀ ni n ó ti béèrè bóyá mo ṣì jẹ́ ìyàwó nínú ilé yìí. Kí ẹ̀sùn mi lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo gun orí òrùlé lọ wo páìpù náà.

Fisíìsì ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Egbeda. Páìpù mi gun orí ìgànná kan kí ó tó sọ̀kalẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ti jókòó sí ibi gegele náà. Nínú páìpù tó fẹ̀, afẹ́fẹ́ a máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ omi kọjá. Nínú èyí tó tín-ínrín, a dí ọ̀nà pa bí ìdérí ìgò. Omi mi kò lágbára tó láti tì í.

Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Àlàájì. Mo lè dákẹ́, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́rìí èké lórí ìmọ̀ tí mo fi gboyè. Omi tó lágbára nìkan ló lè ti afẹ́fẹ́ náà padà sẹ́yìn, ti Qonitah nìkan, tí ẹ̀rọ tó ń fa omi sí tánkì ń tì wá tààrà, ló sì lágbára nínú ilé wa.

"Qonitah, mú họ́ọ̀sì rẹ wá."

A fi họ́ọ̀sì so ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ tèmi láti ojú fèrèsé. Ó ṣí tirẹ̀, mo ṣí tèmi. Páìpù ké gọ̀rọ̀gọ̀rọ̀, tánkì hó lókè. Qonitah sáré gòkè wá bá mi já họ́ọ̀sì náà, omi sì tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ mi, ó rin ín gbingbin.

Ibẹ̀ ni Àlàájì bá wa. "Ìyàwó! Ìwọ lo tún un ṣe? Ọlọ́pọlọ!"

Ọkàn mi ń bẹ Qonitah pé kí ó gba ìyìn náà, kí n lè rí ẹ̀sùn tuntun fi kàn án.

"Ẹ̀yin náà, Àlàájì! Ta ló ń kọ́ni ní fisíìsì nínú wa? Ìyáálé mi ni o. Èmi kàn di họ́ọ̀sì mú ni jàre."

Àlàájì yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. N kò rí i dáadáa. Qonitah ni mò ń wò, bí aṣọ ṣe lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí kò sí ẹ̀tàn kankan lójú rẹ̀. Ẹwà nìkan kọ́ ni Ọlọ́run fún un. Mo ní kí ó lọ pààrọ̀ aṣọ kí òtútù má baà mú un.

Ọjọ́ Àìkú ń bọ̀, n kò sì ní ẹ̀sùn kankan láti gbé síwájú ẹnikẹ́ni.